Ìka Mi Ló Pe Orúkọ Ọkọ Mi

Tí ìka bá pe orúkọ tí ẹnu kò pè rí, ta ló pe orúkọ náà?

Mo ti bi àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Bimla, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ní ìka kò ní ohùn, nítorí náà mi ò pe ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ àti ẹnu kò yàtọ̀ síra, torí ọwọ́ ló ń bọ́ ẹnu. Dulari, ẹni tó ń ta ẹja létí adágún tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì, ní kí n yéé da ara mi láàmú. Ó ní bí òun bá pe orúkọ ọkọ òun títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dáhùn, àfi tí òun bá pe ọtí.

Títí di òní, mi ò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹni tó bá rí i kó sọ fún mi.

Ní Janakpur níbi tí mo ti lọ́kọ, obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá pè é, wọ́n ní ó ń gé ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ kúrú ni. Bàbá Nutan ni mo ń pe ọkọ mi láti ìgbà tí a ti bí ọmọbìnrin wa. Kí a tó bí i, "Ṣé ẹ ń gbọ́" ni mo ń pè é. Èmi alára kò ní orúkọ nílé ọ̀hún. Abúlé bàbá mi ni wọ́n fi ń pè mí: Ìyàwó Pipra.

Ti bàbá ọkọ mi ló wá le jù. Wọn kò gbọdọ̀ rí ojú mi, n kò sì gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti gbúròó sálúbàtà wọn, màá fa etí sárì mi bo ojú. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, Nutan ni mo ń rán: "Nutan, sọ fún bàbá àgbà pé ìrẹsì ti jinná." Nutan nígbà yẹn kò tíì hu eyín. Bàbá á wúkọ́, wọ́n á ní, "Nutan, sọ fún ìyá rẹ pé mo ń bọ̀." Kí Nutan tó dé ayé, ògiri ni à ń rán níṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ wáyà, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́, ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Yàrá wọn wà lókè, kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí a gbà pé wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn. N kì í wọ ibẹ̀ àfi tí mo bá fẹ́ gbálẹ̀.

Ọjọ́ tí Trilok wá kí wa láti Delhi ni wàhálà mi bẹ̀rẹ̀.

Trilok àti ọkọ mi jọ kàwé ní Kathmandu, inú yàrá hósítẹ́lì kan náà ni wọ́n gbé. Òun ló dá ẹgbẹ́ ímeèlì àwọn ọmọ ìlú wa sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Pokhair. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá kọ lẹ́tà kan, gbogbo wọn ni yóò rí i gbà, èyí tó wà ní Doha, èyí tó wà ní Toronto, àti àwa tí a wà nílé. Ọkọ mi ti fi orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí mo mọ̀wé kà díẹ̀. Ó ní kí n máa rí nǹkan kà. Ọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta máńgòrò àti ẹni tó kú ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Mo gbé tíì dé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé nígbà tí mo gbọ́ Trilok tó ní, "Malati ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ mi dúró.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ó ń wá. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́. Ó lè yọjú ní ìrọ̀lẹ́, kí n tó bu òkèlè kejì, ó ti lọ."

"Ní Delhi, tèmi kì í kúrò nílé."

"Orí rẹ ló dára. Ṣé o rántí àwọn lẹ́tà tí mo kọ nítorí rẹ̀?"

Trilok gbá báàgì tó gbé sórí itan, èyí tó kún fún síídì. "Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àká. Lẹ́tà ẹgbẹ́ kan kò sọnù rí." Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi ń fi ọwọ́ nu omijé.

Èmi ní tèmi, tíì gbígbóná ni mo ń nù kúrò lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi padà wá pẹ̀lú òmíràn, Trilok ti gbé báàgì rẹ̀ gòkè lọ bá Bàbá. Wọ́n ní ó fẹ́ bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òkè ló wà títí di àṣálẹ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò kàn bi ọkọ mi pé ta ni Malati. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bímọ tuntun rí, ẹ ó gbọ́ mi. Mo sanra níbi tí kò yẹ, mo rù níbi tó yẹ kí n sanra. Irun mi ń já sínú òòyà. Ọmọ kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí mo bá bèèrè, yóò dáhùn. Tó bá sì dáhùn, kí ni màá ṣe? Ṣé màá gbé Nutan padà sí Pipra, kí àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ òótọ́ fúnra mi ná. Bí Malati bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́, màá gbé e mì. Bó bá jẹ́ ti òní, màá mọ ohun tí màá ṣe.

Ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, mo bi Bimla bí ènìyàn ṣe ń rí lẹ́tà àtijọ́ gbà nínú ẹgbẹ́ ímeèlì. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. Ó ní gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá ti kọ sí ẹgbẹ́ ló ń lọ sínú àká, bí ìgbà tí wọ́n bá kó ìrẹsì sínú àká lẹ́yìn ìkórè. Àká náà ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ sí i: wọ́n á kọ WÁ, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀. Ìlà kan, ó parí. Àká á sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Ó tún sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni Nutan bì wàrà sí mi léjìká. Ohun tó sọ, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà: ẹ̀rọ ni àká, ẹ má ṣe kí i.

Èmi kí i. Ṣé ènìyàn á kàn wọ àká olówó lọ láìkí onílé ni? Ohun tí mo kọ lórí kọ̀ǹpútà kíláàsì nìyí:

Àká ọ̀wọ́n,
Ẹ kú ọ̀sán.
Ṣé dáadáa ni ilé wà?
Èmi ni Ìyàwó Pipra.
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá lẹ́tà Bàbá Nutan tí Malati wà nínú rẹ̀.

Èsì tí mo bá lọ́jọ́ kejì nìyí:

ÀKÁ Ọ̀WỌ́N: KÌ Í ṢE ÀṢẸ.
Ẹ KÚ Ọ̀SÁN: KÌ Í ṢE ÀṢẸ.
ṢÉ DÁADÁA NI ILÉ WÀ: KÌ Í ṢE ÀṢẸ.
ÌYÀWÓ PIPRA: KÒ SÍ ẸNI TÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀.
BÀBÁ NUTAN: KÒ SÍ ẸNI TÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀.
ORÚKỌ NÌKAN.

Mo ka ìlà kẹta fún Dulari. Ó pòṣé. "Ẹ̀rọ tí a kí tí kò jẹ́, kì í ṣe ilé rere ni wọ́n ti rọ ọ́."

Ìtìjú mú mi. Mo kọ lẹ́tà mìíràn láti bẹ àká pé kó má bínú. Mo ṣàlàyé pé èmi kọ́ ló wù kí n máa yọ ọ́ lẹ́nu, àìsùn ló ń dà mí láàmú. Mo ní ọmọ mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ nídàájí ni bàbá ọkọ mi á tan rédíò àdúrà wọn, òun náà á sì jí. Mo ní mi ò lè sọ fún wọn, torí mi ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ tí mo lè rán kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Èsì: ÌTÀN: KÌ Í ṢE ÀṢẸ. RÉDÍÒ: KÌ Í ṢE ÀṢẸ. ORÚKỌ NÌKAN.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò Bàbá kò dún. Mo rò pé bátìrì rẹ̀ ló kú. Nutan sùn títí oòrùn fi yọ, èmi náà sì sùn. Mo lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ojú tó mọ́, mo sì kọ̀wé sí àká pé Ọlọ́run ti bá mi ṣe é.

ỌLỌ́RUN: KÌ Í ṢE ÀṢẸ.

Báyìí ni àṣà náà ṣe mọ́ mi lára. Òótọ́ ni pé orúkọ ni àká ń bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni, kò lè ṣòfófó, kò sì lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò lè sọ fún ìyá mi lórí fóònù ni mò ń kọ sí i. Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí mo ti bímọ, orí ẹja ló ń wù mí jẹ, ẹja odò tútù tí wọ́n fi mọ́sítáádì sè, ṣùgbọ́n nílé wa, ọkùnrin ló ń jẹ orí ẹja. Ìrù ló ń kàn mí.

ORÍ ẸJA: KÌ Í ṢE ÀṢẸ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n gbé àwo ẹja síwájú Bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n ní, "Nutan, eyín ń dùn mí. Sọ fún ìyá rẹ kó wá gbé orí ẹja yìí." Ìyá ọkọ mi ní eyín wo, ṣé eyín tí wọ́n fi fọ́ ẹ̀pà láàárọ̀? Bàbá ní ẹ̀pà náà ló fà á. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ tí a bá se ẹja ni eyín máa ń dun Bàbá. Mo jẹ orí ẹja, mo lá ọwọ́ mi, mo bẹ Ọlọ́run kó má tètè wo eyín wọn sàn. Ẹ dárí jì mí.

Ohun kan ń ya Dulari lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín yìí kì í fèsì lọ́jọ́ Ekadashi." Mo wò ó, òótọ́ ni. Ọjọ́ ààwẹ̀ kò mú èsì wá rí. Dulari ní, "Àlùfáà ni. Kì í ṣiṣẹ́ tí ebi bá ń pa á." A rẹ́rìn-ín títí Bimla fi na ẹfun sí wa.

Ṣùgbọ́n Malati kò kúrò lọ́kàn mi. Lójoojúmọ́ tí ọkọ mi bá ti ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ dé, màá gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Òórùn oògùn ikọ́ nìkan ló ń wá. Ìyẹn gan-an tún bà mí lẹ́rù: obìnrin wo ló gbọ́n tó báyìí tí kò fi òórùn sílẹ̀?

Mo gbìyànjú gbogbo ọ̀nà láti fún àká ní orúkọ láìpe orúkọ. Mo kọ "oníṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún". KÒ SÍ. Mo kọ "ọmọ Bàbá tó ti ṣiṣẹ́ wáyà". KÒ SÍ. Mo wá fi ìtumọ̀ orúkọ náà pa á lálọ̀ọ́, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá bi wọ́n ní ilé ìdìbò pé kí ni orúkọ ọkọ wọn. Mo ní, "Oúnjẹ tí a gbé síwájú òrìṣà ló ṣíwájú, ọba òjò ló tẹ̀ lé e."

ÀLỌ́: KÌ Í ṢE ÀṢẸ. Lẹ́yìn náà, ìlà kan tí n kò retí: ORÚKỌ TÌRẸ?

Mo jókòó, mo ń wo ìlà náà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: Sunaina.

SUNAINA. Ó DÁRA. ORÚKỌ ỌKỌ NÌKAN LÓ KÙ.

Èyí ló kó sí mi lórí. Mo ní bí ẹ̀rọ bá lè pe orúkọ tèmi, kí ló dé tí èmi ò ní lè kọ orúkọ tirẹ̀? Kíkọ kì í ṣe pípè.

Mi ò lè ní kí Bimla bá mi tẹ̀ ẹ́, torí ọkọ rẹ̀ àti ọkọ mi jọ ń ta káàdì. Dulari ìbá bá mi tẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Mo gbé Nutan fún un, mo jókòó. Ojú ń tì mí bí ẹni tó fẹ́ bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà. Mo fa etí sárì mi bo ojú, mo sì tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ: WÁ, BHOGENDRA, MALATI.

Dulari ní, "O bojú fún kọ̀ǹpútà?"

"Jẹ́ n gbọ́ tara mi."

Àdírẹ́sì àká àti àdírẹ́sì ẹgbẹ́, pokhair ló bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni tó la ojú sílẹ̀ á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èmi tí mo wà lábẹ́ sárì, èyí tó kọ́kọ́ yọ ni mo tẹ̀.

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni iná lọ. Gbogbo kíláàsì kígbe, ẹ̀rọ kú. Mo dúpẹ́. Mo rò pé iná ti gbé orúkọ náà mì, mo sì gbé ọmọ mi relé pẹ̀lú ìpinnu pé mi ò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá ọkọ mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà pupa ní àgbàlá nígbà tí ọkọ mi dé láti ṣọ́ọ̀bù. Kì í dé lọ́sàn-án. Ó mú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde dání, ìdì kan. Mi ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín tàbí ẹkún ló wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bi Ìyàwó Pipra pé kí ló kọ lánàá."

Màmá wò mí. "Kí lo kọ?"

Mo ní mi ò kọ nǹkan kan. Ó bá ka ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní Doha ló kọ ọ́: "Bhogendra, ìyàwó rẹ ń wá Malati. Ṣé kí a júwe ibi tó wà fún un?" Ó ka ìkejì. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n yáa wá omi mímọ́, ìyàwó ti pe orúkọ ọkọ. Ìkẹta wá láti ọ̀dọ̀ tíṣà àgbà kan ní Toronto: òun ti ń kọ́ni láti kékeré, òun kò tíì rí ìyàwó ilẹ̀ wa tó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ́nà tó gún báyìí, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. "O pe orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò pè é, Màmá. Mo kọ ọ́ ni."

"Níwájú ta ni?"

Ọkọ mi ní, "Níwájú ẹgbẹ́ lódindi, Màmá. Trilok ti pè mí láti Delhi. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló ń rín."

Màmá gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti kú, ìyàwó ti pa á. Ọmọ wọn ní òun kò tíì kú. Wọ́n ní kó dákẹ́, kí ló mọ̀.

Lókè, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n wúkọ́ títí, bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun.

Nígbà tí mo rí i pé kò sí ibi tí mo lè sá gbà mọ́, ojú mi ṣí. Mo sọ sárì kúrò lórí. Mo ní, "Ẹ ti ń bínú sí mi nítorí orúkọ. Kò sí ẹni tó bi yín nípa tiyín. Ta ni Malati?"

Ikọ́ òkè náà dá.

Màmá yíjú sí ọmọ wọn. "Òótọ́ ni. Ta ni Malati?"

Màmá ní kó ka ohun tó wà nínú ìwé tó kù, kó má fo ọ̀rọ̀ kan, torí àwọn á mọ̀. Gbogbo lẹ́tà àtijọ́ rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ti fi ránṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi èyí tó ní síbẹ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀:

"Ẹ̀yin ará ilé, mo kọ èyí pẹ̀lú omijé. Malati tún ti já wa sílẹ̀. Ó wọlé wá bá wa ní yàrá lálẹ́ àná, gbogbo àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fò dìde, a dì mọ́ra. A ò tíì rí ojú ara wa dáadáa tó fi sá. Mo gbọ́ pé ilé àwọn olówó ló ń sùn mọ́jú. Láìsí i, mi ò lè kàwé, mi ò lè jẹun, òùngbẹ rẹ̀ ni yóò pa mí."

"Ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ?" ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Yàrá kan náà?"

"Màmá."

"Kà á lọ."

Èyí tó kàn jẹ́ èsì ẹni tó wà ní Doha: lọ́dọ̀ tiwọn, Malati kì í lọ rárá, àárọ̀ dé àárọ̀ ló ń bá wọn gbé, àwọn gan-an ló máa ń ní kó sinmi. Màmá jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin wo nìyí, tó ń ti Kathmandu dé Doha?" Ní tèmi, omijé ti ń dà lójú mi. Nutan rí mi, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ti ń ronú aṣọ tí màá kọ́kọ́ dì sínú àpò.

Ìgbà yẹn gan-an ni iná dé.

Gbogbo ọmọdé àdúgbò hó yèè. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó fẹ́ ìwé Malati káàkiri àgbàlá. Gílóòbù tó wà lókè ẹnu ọ̀nà tàn, lójú ọ̀sán gangan. Ọkọ mi na ìka sí i.

"Òun nìyẹn," ló wí. "Ìyàwó, wò ó dáadáa. Malati nìyẹn."

Èmi àti Màmá wo gílóòbù. A wo ara wa.

"Iná?" ni Màmá béèrè.

"Iná ni, Màmá. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ hósítẹ́lì wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe olórí iná ládùúgbò. Bó bá gbọ́ pé a bú iná, a ò ní jẹun alẹ́. Ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ."

Ikọ́ Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ lókè. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé omi odò mímọ́ tí wọ́n tọ́jú sí yàrá àdúrà jáde, wọ́n ní kí n fọ ẹnu. Mo ní ẹnu mi kò ṣẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kí n kó ọwọ́ wá. Wọ́n fọ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá kálukú wọn wí. Nígbà tí wọ́n dé ìka ìlábẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ìwọ ni olórí wọn."

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi jókòó tì mí. Ó bi mí kí ló dé tí mi ò bi òun. Mo ní orúkọ wo ni mo fẹ́ fi pè yín tí ẹ ó fi yíjú sí mi? Ó ní kí n kọ orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí bébà lásán, kí òun rí bó ṣe rí lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀. Màá kọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí Malati kan bá wọ ọkàn yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ má lọ bi àká.

Mo kọ̀wé ìkẹyìn sí àká láti dúpẹ́, mo sì tọrọ gáfárà pé mo ti da á láàmú. Ó fèsì: ỌPẸ́: KÌ Í ṢE ÀṢẸ, SUNAINA.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Nutan ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ tó sì ti lè jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n rán Nutan sí mi pé kí n gòkè wá. Mo bojú, mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá kọjú sí ògiri. Kọ̀ǹpútà wà ní títàn, síídì Trilok wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Nutan, sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀rọ kankan kò sí nínú àká, èmi ni mò ń fèsì láti ìgbà tí ẹ̀rọ Trilok ti bàjẹ́ tó sì kó àwọn lẹ́tà náà wá fún mi. Sọ fún un pé ojú mi kò ríran mọ́, kó wá gba iṣẹ́ náà. Sọ fún un pé kó má dáhùn ìkíni, torí bí wọ́n bá mọ̀ pé ènìyàn ni, wọn ò ní jẹ́ kó sinmi."

Nutan sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́.

Mo jókòó sí àga wọn. Mo ní, "Nutan, bi bàbá àgbà pé, eyín wọn ńkọ́?"

Bàbá wúkọ́. Wọ́n ní kí Nutan sọ fún mi pé eyín kò dun àwọn rí.